Àwa Kò Ní Jókòó Tẹ "Next" Lóru Mọ́

Aago méjì òru ni. Yàrá sáfà tutù bí omi àmù, ẹ̀rọ ń kùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì fẹnu kan oúnjẹ láti ìrọ̀lẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ "Next". Á tẹ ẹ́, á dúró, á wo ìlà tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀rọ, á tún tẹ ẹ́. Sáfà mẹ́fà ló ní láti fi àbùlẹ̀ sọ́fítíwíà mú dójú ìwọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti ṣe mẹ́ta. Oorun ti ń gbé e lọ. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, orúkọ root, aláṣẹ gbogbo kọ̀ǹpútà, ló fi wọlé dípò orúkọ tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Kò mọ̀. Ó parí iṣẹ́, ó jí sáfà náà dìde, sáfà dáhùn, ó gba ilé lọ.

Èmi ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Nítorí pé root ni mo fi ṣiṣẹ́, gbogbo fáìlì tuntun tí àbùlẹ̀ náà kó wọlé di ti root. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí ètò ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ní kí sáfà kẹrin tún dìde lórúkọ tirẹ̀, ó na ọwọ́ sí fáìlì rẹ̀, fáìlì kò ṣí. Ó fẹ́ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, kò rí ibi kọ ọ́ sí. Kò dìde. Márùn-ún yòókù gbé ẹrù mẹ́fà. Ìlà àwọn oníbàárà gùn láti ojú káńtà dé ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan wá gba owó tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ fún oògùn, ó dúró títí oòrùn fi kan àtàrí. Ọ̀gá wa béèrè ohun tí mo ṣe lóru ọjọ́ náà, mi ò rí nǹkan kan fi hàn án. Ìka mi nìkan ló mọ̀ ọ́n, ìka kì í sì í rojọ́.

Mi ò sọ èyí láti bẹnu àtẹ́ lu ilé iṣẹ́ kankan. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nígbà náà nìyẹn, bí ọ̀pọ̀ ṣì ṣe ń ṣe é títí di òní nìyẹn. Ìdí rèé tí àwa tí a ń tọ́jú sáfà, tí a ti sùn sórí àga ọ́fíìsì tó, tí a ti gba ìpè òjijì tó, fi kóra jọ láti sọ ohun tí a gbà gbọ́ àti ohun tí a kò ní ṣe mọ́.

Kí a là á yé ẹni tí kò bá wa gbé yàrá yìí. Láàrin fóònù oníbàárà àti ibi tí wọ́n kó àkọsílẹ̀ owó sí, sọ́fítíwíà kan wà tó ń gba ìbéèrè, tó ń gbé e fún áàpù tó yẹ, tó sì ń dá èsì padà. Òun là ń pè ní application server. WebSphere ti IBM jẹ́ ọ̀kan, ó ti wà láti 1998. WebLogic jẹ́ òmíràn. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ BEA ló wà kí Oracle tó ra BEA ní 2008. Bẹ́ẹ̀ náà ni JBoss àti Tomcat. Oníbàárà kì í rí wọn, bí àlejò kì í ti í rí ìpìlẹ̀ ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n ń gbó bí aṣọ, ihò ń yọ lára wọn, ẹni tó rán wọn á sì fi àbùlẹ̀ ránṣẹ́. Oracle ń kó tirẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún: oṣù Kìíní, Kẹrin, Keje àti Kẹwàá. Iṣẹ́ wa ni láti bu ihò náà lẹ̀ lórí gbogbo sáfà kí olè tó fi ojú rẹ̀ wọlé.

A kéde pé ìdáhùn gbọ́dọ̀ ṣáájú ìbéèrè.

Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ gbé sọ́fítíwíà sórí sáfà, ìbéèrè kan náà ló ń béèrè. Níbo ni kí n kó o sí? Ẹ̀dà wo? Èdè wo? Ṣé o gba àdéhùn? Ohun tó béèrè lórí sáfà kìíní ni yóò béèrè lórí ìkẹfà. Kí ló dé tí èèyàn yóò fi dáhùn wọn lẹ́ẹ̀mẹfà, ní wákàtí tí ọpọlọ rẹ̀ ti sùn? Àwọn baba ńlá wa mọ bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ rán ohun tí kò lẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ fi àrokò ránṣẹ́ á so owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ pọ̀ nílé ara rẹ̀, nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Á wò ó, á tú u, á tún un so bí kò bá sọ ohun tó fẹ́ sọ. Nígbà tí àrokò bá dé ibi tó ń lọ, ẹni tó so ó kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì pé. Fáìlì ìdáhùn ni àrokò tiwa.

Láti ẹ̀dà 8 tó jáde ní 2011, Installation Manager ló ń gbé àbùlẹ̀ WebSphere wọlé. Lórí kọ̀ǹpútà ìdánwò, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a máa ń ṣí i báyìí:

./IBMIM -record /opt/idahun/was.xml -skipInstall /tmp/imdata

A ó dáhùn gbogbo ohun tó bá béèrè bí a ti ń ṣe látijọ́, ṣùgbọ́n -skipInstall ti kìlọ̀ fún un pé kó má gbé nǹkan kan sórí ẹ̀rọ. Kó gbọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó tán. Ohun tó máa kọ ni fáìlì XML kan tí èèyàn lè jókòó kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí tíì rẹ̀ tó tutù. A ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó gé ohun tí kò wúlò dànù. Lẹ́yìn náà, sáfà mẹ́fà tàbí ọgọ́ta yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, láìsí ẹni tó jókòó tì wọ́n:

./imcl input /opt/idahun/was.xml -acceptLicense -log /var/log/abule.xml

WebLogic ní tirẹ̀, -silent àti -responseFile, àbùlẹ̀ rẹ̀ sì ń gba ọwọ́ OPatch kọjá. Orúkọ ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí -acceptLicense, nítorí mo ti rí ẹni tó ń kọ ọ́ bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹnìkan ti ka àdéhùn, ó sì gbà á lórúkọ ilé iṣẹ́. Ẹ̀rọ ò lè bá wa kà á. Láàrin wa, ẹni tó bá kọ gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ ti ka àdéhùn náà, kí orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó kà á wà lórí fáìlì.

Bákan náà ni nọ́ńbà ẹ̀dà. Bí ẹni tó kọ fáìlì bá dárúkọ sọ́fítíwíà tí kò sọ ẹ̀dà tó fẹ́, Installation Manager yóò mú èyí tó tuntun jù lọ tó bá rí. Ó dùn létí, ìjàǹbá sì ni. Sáfà mẹ́ta gba àbùlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta ẹnìkan kó ẹ̀dà tuntun wọlé. Mẹ́ta tó kù gba òmíràn lálẹ́ ọjọ́ náà. Fáìlì kan, àṣẹ kan, sáfà oríṣi méjì. A kò ní gbé fáìlì tí kò sọ nọ́ńbà jáde.

A kéde pé ojú kan kò tó.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni, kó gbọ́ ohun tó dé bá Knight Capital ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn ra ìpín ìdókòwò tó sì ń bá wọn tà á ni, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ní ọjà New York nígbà náà. Ní òpin oṣù Keje 2012, wọ́n ń gbé sọ́fítíwíà tuntun sórí sáfà mẹ́jọ nítorí ètò kan tí ọjà náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ. Òṣìṣẹ́ tó ń gbé e kó o sórí méje, ó fo ìkẹjọ. Ẹnìkejì kò yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kò sí ìlànà kankan tí wọ́n kọ sílẹ̀ nílé iṣẹ́ náà pé kí ẹnìkejì yẹ̀ ẹ́ wò. SEC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, ló wádìí gbogbo èyí tó sì gbé e jáde fáyé rí.

Lórí sáfà kẹjọ yẹn, iṣẹ́ àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Power Peg ṣì ń sùn. Wọ́n ti pa á tì láti 2003, wọn kò yọ ọ́ kúrò. Sọ́fítíwíà tuntun sì lọ mú àmì tí wọ́n fi ń pe Power Peg, ó sọ ọ́ di tirẹ̀. Nígbà tí ọjà ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, sáfà méje rí àmì náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ tuntun. Ìkẹjọ rí i, ó jí òkú dìde. Láàrin ìṣẹ́jú 45, ìdúnàádúrà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ti wáyé lórí ìpín ìdókòwò 154 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Owó tí Knight pàdánù lé ní mílíọ̀nù 460 dọ́là. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n da ilé iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ òmíràn.

Ohun méjì nínú ìtàn yìí kì í kúrò lọ́kàn mi. Kí ọjà tó ṣí ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀rọ wọn ti fi ímeèlì 97 ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló dárúkọ Power Peg, kò sì sí ẹni tó kà á sí ìkìlọ̀. Èkejì burú jù ú lọ. Nígbà tí ilé ti ń jó, tí wọn kò mọ yàrá tí iná wà, wọ́n yọ sọ́fítíwíà tuntun kúrò lórí sáfà méje tí ara wọn dá, wọ́n rò pé òun ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Méje wá dà bí ìkẹjọ, iná náà sì ràn sí i. Wọn ò mọ̀ pé sáfà kan yàtọ̀, nítorí kò sí ibi tí wọ́n lè wò kí wọ́n rí ohun tó wà lórí èwo. Mi ò lè pe òṣìṣẹ́ yẹn ní ọ̀lẹ. Ohun tó ṣe mí lórí sáfà kẹrin ló ṣe é lórí ìkẹjọ.

Nítorí náà, orúkọ gbogbo sáfà gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà, kò gbọdọ̀ jẹ́ orí èèyàn la kó o sí. Inú Git ni fáìlì ìdáhùn ń gbé, níbi tí a ti lè rí ẹni tó yí i padà, ọjọ́ tó yí i padà, àti ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnìkejì gbọ́dọ̀ kà á kó tó dé orí sáfà kankan, bí ẹni tó kọ ọ́ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a kò ní gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́, títí kan ẹnu wa. A ó bi sáfà kọ̀ọ̀kan léèrè ẹ̀dà tó wà lára rẹ̀: versionInfo.sh lórí WebSphere, opatch lsinventory lórí WebLogic. A ó to èsì wọn síra. Bí ọ̀kan bá dáhùn lọ́tọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ má jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀ràn root. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé àṣẹ (script) wa báyìí ń béèrè orúkọ ẹni tó ń pè é. Bí kì í bá ṣe orúkọ tí a yàn, yóò dúró síbẹ̀, kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìlà kan ṣoṣo ni. Ká ní ó ti wà ní òru ọjọ́ yẹn, ìyá oníbàárà yẹn ì bá ti gba owó oògùn rẹ̀ lọ sílé láàárọ̀.

A kéde pé ìmọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnìkan.

Bọ̀dá kan máa ń wà ní ọ́fíìsì. Ẹ mọ irú wọn. Òun nìkan ló mọ̀ pé deployment manager la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú dójú ìwọ̀n, kí àwọn node tó wà lábẹ́ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí olórí kò gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀dà tó rẹlẹ̀ ju ti ọmọ ẹ̀yìn lọ. Òun nìkan ló mọ sáfà tí àyè inú rẹ̀ kéré, tó jẹ́ pé bí a kò bá kọ́kọ́ kó ìdọ̀tí inú /tmp dànù, àbùlẹ̀ yóò dúró láàrin ọ̀nà. Kò kọ ọ́ síbì kan. Kò ṣe é níkà. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí, iṣẹ́ kò sì jẹ́ kó ráyè. Kò lè lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ láìgbé kọ̀ǹpútà dání. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, fóònù rẹ̀ dún ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìbímọ.

Lọ́jọ́ kan, bọ̀dá yẹn já pa. Ó gba ìwé Kánádà, ó kí wa pé ó dìgbóṣe, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú. A kò bínú sí i. Oníkálukú ló mọ ohun tó ń lé e. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é lórí WhatsApp ní aago tó jẹ́ òru níbí tó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ níbẹ̀, kó bá wa rántí ohun tó ń tẹ̀ lẹ́yìn èyí tó ń tẹ̀ ṣáájú. Ó ń rántí díẹ̀, ó ń gbàgbé díẹ̀. Mo ti rí ilé iṣẹ́ tó fi sáfà sílẹ̀ lórí ẹ̀dà àtijọ́ fún ọdún púpọ̀, kì í ṣe nítorí owó, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ ewu tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láti fọwọ́ kàn án. Ẹni tó mọ ọ̀nà ti lọ.

Fáìlì kì í já pa. Àkọsílẹ̀ tí bọ̀dá bá kọ kó tó lọ yóò máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò tó wọlé lánàá yóò sì lè kà á. Nítorí èyí la ṣe pinnu ohun kan tí àwọn míì lè rò pé kò tó nǹkan, tí èmi sì kà sí ọ̀kan nínú ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìkéde yìí: ìdí gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn, ní èdè tí a fi ń ronú. XML ń gba àlàyé láàrin <!-- àti -->, ó sì ń gba UTF-8, ìyẹn ni pé ó gba ẹ, ọ, ṣ, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn wọn. Kò sí ohun tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́. Lókè ìlà kan nínú fáìlì wa, ẹnìkan kọ ọ́ pé: "Ẹ má yí ojú ọ̀nà yìí padà. Ìwé ẹ̀rí ààbò sáfà wà nínú rẹ̀, a ti pàdánù rẹ̀ rí." Nígbà tí mo kà á, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n tó ń kìlọ̀ fún àbúrò. Àṣẹ ni ẹ̀rọ nílò. Èèyàn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa nílò ìdí.

A kéde pé àbùlẹ̀ tó pẹ́ ti di ti olè.

Ní oṣù Kẹwàá 2020, Oracle gbé àbùlẹ̀ jáde fún ihò kan nínú WebLogic tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ CVE-2020-14882. Ìwọ̀n ewu rẹ̀ jẹ́ 9.8 nínú 10. Ẹni tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù kankan lè gba sáfà lọ́wọ́ olóhun láti ọ̀nà jíjìn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọ̀daràn ti ń wá sáfà tí wọn kò tíì bu lẹ̀ kiri ayé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá, Oracle tún gbé àbùlẹ̀ kejì jáde, nítorí wọ́n ti rí ọ̀nà yà ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ti Log4j, sọ́fítíwíà tí áàpù fi ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀: CVE-2021-44228, tí ìwọ̀n ewu rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 10. Láàrin oṣù Kejìlá 2021 nìkan, ẹ̀dà 2.15.0, 2.16.0, 2.17.0 àti 2.17.1 jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tún ohun tó kù nínú èyí tó ṣáájú ṣe. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é, tó ní ogún sáfà, ìgbà ọgọ́rin ló máa gbé àbùlẹ̀ wọlé, nígbà Kérésìmesì. Ẹni tó ní fáìlì yí nọ́ńbà kan padà, ó ní kí ẹnìkejì kà á, ó rán an.

Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Olùṣèwádìí Mark Burgess kọ CFEngine, sọ́fítíwíà tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà láìsí ẹni tó jókòó tì í, ní Yunifásítì Oslo ní 1993, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa kò tíì mọ ohun tí sáfà ń jẹ́. Ohun tó fi kọ́ wa ni pé ká sọ bí a ṣe fẹ́ kí ẹ̀rọ rí, kí àṣẹ sì lè lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹwàá, láìba nǹkan jẹ́. Sáfà tó bá ti gba àbùlẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí fáìlì tún dé bá, gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà. Fáìlì tó ń bà á jẹ́ nígbà kejì kò tíì yẹ lẹ́ni tí a ń rán níṣẹ́.

A fẹ́ kí àká àbùlẹ̀, ibi tí fáìlì ti ń mú àbùlẹ̀, wà nítòsí. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Íńtánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn báǹkì Nàìjíríà náà sì jẹ nínú ìyà rẹ̀. Fáìlì tó bá ń tọ́ka sí àká òkè òkun lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dúró láàrin ìrìn, pẹ̀lú sáfà tí a ti dá dúró, tí kò sì tíì gba ohun tuntun. Packaging Utility ti IBM lè kó àbùlẹ̀ wá sílé ní ọ̀sán, kó tó di òru tí a nílò rẹ̀. Àgbẹ̀ kì í dúró de ọjọ́ ebi kó tó kó iṣu wọ àká.

Pásíwọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ wà ní gbangba nínú fáìlì ìdáhùn láé. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ yìí gùn. Fáìlì tí a fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ kà kò lè jẹ́ àpótí àṣírí. Ẹ fi imutilsc, irinṣẹ́ Installation Manager, pa á mọ́, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ìwé àṣẹ lọ mú un níbi tí wọ́n ń tọ́jú àṣírí sí.

Ní báyìí, ohun tó le jù. Àwọn kan ti sọ fún wa pé ọwọ́ èèyàn ń ba sáfà kan jẹ́, fáìlì yín sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, CrowdStrike, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi fáìlì kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ káàkiri ayé, láìsí ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ kankan. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Microsoft, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 ló dákú. Ọkọ̀ òfuurufú kò gbéra, ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ẹni tó bá ka ìkéde wa tí kò rántí ọjọ́ yẹn kò tíì yé e.

Ìdáhùn wa ni pé a kì í rán àrokò sí gbogbo ìlú lọ́jọ́ kan. Sáfà ìdánwò ni fáìlì ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹyọ kan nínú mẹ́fà, tí a ó wò fún odindi ọjọ́ iṣẹ́ kan, pẹ̀lú ìrìn owó gidi lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni méjì. Ìgbà yẹn ni yóò tó kan àwọn tó kù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín. Bí kò tilẹ̀ jókòó ti ẹ̀rọ, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni yóò ka àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ láàárọ̀, òun ni yóò dáhùn. Ímeèlì 97 ti Knight yẹn ti kọ́ wa pé ẹ̀rọ lè sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ á fi gbẹ bí kò bá sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀nà àbọ̀ gbọ́dọ̀ wà kí ọ̀nà àlọ tó bẹ̀rẹ̀. A ó fi backupConfig kó ètò sáfà pamọ́. A ó dán imcl rollback tàbí opatch rollback wò lórí sáfà ìdánwò ní ọ̀sán, kí ó má jẹ́ òru ìjàǹbá la máa kọ́kọ́ pè é. Installation Manager lè fi àyè pamọ́ nípa kíkó àwọn fáìlì ẹ̀dà àtijọ́ dànù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ yóò nílò àká kó tó lè padà sẹ́yìn. Ìdí mìíràn rèé tí àká fi gbọ́dọ̀ wà nílé.

A kò kéde ogun sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má fi ìkéde yìí dín òṣìṣẹ́ kù. Wákàtí tí a gbà padà lọ́wọ́ òru, ẹ jẹ́ kí a lò ó láti ka àbùlẹ̀ kí a tó gbé e wọlé, láti dán ohun tí a kò ráyè dán wò rí wò, láti kọ́ àwọn tó ń bọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí a sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa dúró, kó mú sáfà ìdánwò kan lọ́sẹ̀ yìí. Kó ṣí ẹ̀rọ ìgbéwọlé pẹ̀lú -record, kó dáhùn, kó kọ ìdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Kó wá gbé fáìlì náà fún ẹni tó kéré jù lọ ní ọ́fíìsì, ní ọ̀sán gangan, kó ní kó fi ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí àbúrò yẹn bá ti dúró, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo máa ṣe níbí?", ibẹ̀ ni fáìlì kò tíì pé. Ẹ fa àga, ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ kọ ọ́ síbẹ̀.